Ìlà Jímọ̀ tí Alhaja Fi Kún Ṣíìtì Wa

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Láti Ìfàkọ̀ níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín, bí ilẹ̀ yàrá mi tilẹ̀ tutù. Mo kí Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Sàlámọ́tù, mo sì kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ yín. Mo gbé lẹ́tà yìí síta kí ẹlòmíràn lè kà á, torí mi ò rò pé èmi nìkan ni irú nǹkan báyìí ń jẹ lọ́kàn.

Òjò ò dá mọ́ níbí. Bí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ bá já mi sílẹ̀, ìwé kíkà ló kù, torí mi ò ní ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ dénú. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kéré, ẹ fojú fò ó.

Ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe nílé iṣẹ́ bisikíìtì l'Ílúpéjú. Ṣé ẹ rántí páálí tí ẹ fi ń gé aṣọ iléèwé? Láràárọ̀, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ to ṣíìtì kan, ìwé onílà àti àpótí, tó ń sọ iye kátọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe àti iye tó fọ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Ní ọ̀nà tèmi, kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, ló ń ṣe gbogbo rẹ̀: á fa ìlà, á kun àwọ̀, á kọ àkọlé, kò gbára lé fáìlì ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá wọn ọmọ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó gé aṣọ. Ọ̀nà Kọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú tó jókòó tì mí, ni páálí: Alhaja tó ń ṣe ìṣirò ti to fáìlì kan sílẹ̀ bó ṣe wù ú, kóòdù á kàn ṣí i, á sì fi iye sínú àwọn àpótí tó ṣófo. Ọ̀gá ní òun á mú ọ̀kan, ẹni tó bá ni ín ló máa ṣe olórí iṣẹ́ náà ní ilé iṣẹ́ tuntun l'Ágídìngbì.

Kọ́lá ní bíríkìlà ni mí, pé mò ń fọwọ́ mọ búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí móòdù wà nílẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń ta. Òun ni Alhaja ń fún ní ẹ̀pà. Ẹ̀yin náà ńkọ́, Ìyá mi? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gba fóònù lọ́wọ́ mi tó pè yín ní Màámi, àtìgbà náà, ẹ máa ń béèrè rẹ̀ kí ẹ tó béèrè bóyá mo jẹun.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Alhaja ṣí fáìlì náà, ó fi ìlà tuntun kan sókè, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kú Jímọ̀ olóyin. Ohun gbogbo sún sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kóòdù Kọ́lá ṣì ń ka ìlà láti òkè. Iye ẹ̀rọ kan bọ́ sórí ìlà ẹ̀rọ míì. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo fẹ́ purọ́ fún yín pé inú mi bàjẹ́. Inú mi dùn, Ìyá mi, ó dùn dé èékánná. Mo jókòó, mo panu mọ́.

Àfìgbà tí wọ́n pe Ìyá Bọ̀dé, olórí àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì, pé kó wá sọ ìdí tí bisikíìtì rẹ̀ fi fọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń búra pé tí kì í bá ṣe pé ẹnì kan fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, òun ò mọ̀. Mo wò ó, ó rí bíi yín. Mo dìde, mo sọ òótọ́. Mo ní kí Kọ́lá má ka ìlà mọ́. Kó fún àpótí kọ̀ọ̀kan lórúkọ nínú fáìlì, kóòdù á fi orúkọ wá a kàn, ibi yòówù tí wọ́n bá tì í dé.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ṣe é. Ọ̀gá sì mú ọ̀nà rẹ̀. Ó tọ́, torí Alhaja lè tún fáìlì rẹ̀ ṣe láì wá bẹ̀ wá. Ǹjẹ́ mi ò ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé ọ̀nà tèmi ni mo fẹ́ràn, àbí òun ni mi ò fẹ́ kó borí? Kọ́lá sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo gba òun nímọ̀ràn. Ìyẹn ló dùn mí jù, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n rí ìdí tí mo fi lè kórìíra rẹ̀. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Lánàá, nígbà tí ẹ ń ṣàdúrà fún wa lórí fóònù, ẹ ní kí Ọlọ́run ṣọ́ Kọ́lá àti ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ má kà mí ní ipò kejì mọ́. Ẹ fi orúkọ pè mí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ìlà mẹ́wàá tì mí sísàlẹ̀, àdúrà yín á rí mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kí ojú yín má ṣe kọ abẹ́rẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Kọ́lá náà ní kí n kí yín.

Èmi ni ọmọ yín, èyí tí ẹ bí,
Ràṣídì.