Ọwọ́ Wíìlì Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Irja,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ṣé oòrùn Arizona ò jó yín jù? Yìnyín ò tíì lọ ní Duluth níbí. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́, èjìká mi ló ṣì ń dùn mí.

Nítorí èjìká yìí ni mo ṣe so mọ́tò wáípà ọkọ̀ àtijọ́, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń yí ohun tí ń nu gíláàsì ọkọ̀, mọ́ ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń gé irin nínú gáréèjì, kí tábìlì rẹ̀ tó ń gbé irin lọ síbi ọ̀bẹ lè máa rìn fúnra rẹ̀. Àmọ́ mi ò yọ ọwọ́ wíìlì tí Bàbá máa ń dì mú fi yí tábìlì náà. Bí mo ṣe tan iná, ó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí Bàbá ṣe máa ń yí i gẹ́lẹ́.

Màmá yọjú, ó sì pe wíìlì náà ní orúkọ Bàbá. "Reino, ṣé o ò ní sinmi ni? Ọbẹ̀ ẹja ti ń tutù."

"Màmá, Bàbá kọ́. Mọ́tò ni," mo dá a lóhùn.

"Onni, ta ló bá ẹ wí?"

Ó ti pé ọdún méjì tí a sin Bàbá. Mi ò gba iwin gbọ́, ẹ mọ̀ mí. Kí ló wá dé tí mo fi ń kí wíìlì kí n tó tan iná?

Ojoojúmọ́ ni Màmá ń jókòó tì í. Lánàá ó nawọ́ sí i, díẹ̀ ló kù kí wíìlì ṣẹ́ ẹ níka. Nọ́ọ̀tì kan péré ló dì ọwọ́ wíìlì náà mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Màmá ní Sátidé, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, kí n lè yọ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Kó má sì jẹ́ kí Màmá bi mí pé níbo ni Bàbá lọ.

Àbúrò yín,
Onni