Iná Bíréékì Tí Bàbá Ẹ Fi Màríà Bò

Yeison ọmọ mi,

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bàbá ẹ nìyí. Ìwọ ni kó o wà á lọ síbi tí fádà ti ń wọ́n omi ìbùkún sí mọ́tò lónìí. Mi ò lè bá ẹ lọ.

Ṣé o rántí iná pupa tó ń kìlọ̀ bíréékì, tí bàbá ẹ lẹ àwòrán Màríà Wúńdíá bò? Ó ní, "Nubia, fọkàn balẹ̀, Màríà ló ń bá mi tẹ bíréékì." Mo ní orí ẹ̀ ò pé. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo sì rì í mọ́ inú àpò àgbàdo. Ìdí nìyẹn tó fi lọ wọ bọ́ọ̀sì tó já sínú ọ̀gbun. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí.

Láàárọ̀ yìí, Aldemar mẹkáníìkì yẹ mọ́tò bàbá ẹ wò. Kò sí nǹkan kan tó ṣe bíréékì. Ẹrẹ̀ ló bo ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó fi àkísà nù ún, iná sì kú.

Àrépà, búrẹ́dì àgbàdo tí mo dín fún ẹ, wà lábẹ́ àwo. Má yọ àwòrán yẹn o.

Mo ti lọ sí itẹ́ òkú, kí n lọ sọ fún bàbá ẹ pé bíréékì ẹ̀ dáa.