Ògiri Òkúta Tí Kò Gba Orúkọ Yín

Bàbá wa, Gabriel Ọlábọ̀wálé, ọdún mẹ́rin rèé tẹ́ ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko! Ẹni tó bá ní ọjọ́ ń sáré, kó wá bá Màmá jókòó nílé lọ́sàn-án Sọ́ńdè, á rí bó ṣe ń wọ́.

Ilé Òkè Bọ́lá ti parí, Bàbá. A ti kùn ún. Ìrètíolúwa, ọmọ Adéyẹ́misí, tẹ́ ẹ máa ń pọ̀n kiri àdúgbò láìtijú, ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó sì ti ga ju Màmá lọ! Ṣọ́ọ̀bù ìwé yín ṣì ń ṣí ní Bẹẹrẹ, à ń tà díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ń lọ. Màmá nìkan ni nǹkan ò lọ fún.

Ó ṣì máa ń gòkè Bẹyẹrunkà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí aago tó lù. Ibi tẹ́ ẹ jọ ń jókòó náà ló ń jókòó sí, lábẹ́ fèrèsé gíga tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ tẹ̀ roboto lórí. Ògiri ibẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sétí fèrèsé, ó sì máa ń tutù kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màmá á fẹ̀yìn tì í. Àwọn èèyàn á kí i tán, wọ́n á lọ jókòó ti àwọn èèyàn tiwọn. Ó dá wà, Bàbá. Ó dá wà láàárín èrò.

Ìdí nìyẹn tá a fi ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ yín sórí òkúta mábù, ká kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó lè rí nǹkan yín fọwọ́ bà. Inú ẹ̀ dùn! Ó ń bi wá bóyá lẹ́tà ẹ̀ á tóbi tó kí òun lè kà á láìlo awò ojú. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sì gbà.

Àwa ọmọ yín la gbàgbé. Nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ilé ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ ò gbà kí ẹnikẹ́ni kan nǹkan mọ́ ògiri ẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá lu òkúta yẹn níhò ti ṣílẹ̀kùn fún òjò. Pa Obed, ọ̀rẹ́ yín, kú. Màmá Louisa, ìyàwó ẹ̀, bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ ọkọ òun sógiri. Ẹ bá a sunkún, ẹ sì ní rárá. Látìgbà yẹn, ìkíni lásán ló kù láàárín òun àti Màmá.

Sátidé tó kọjá, bíríkìlà gbé díríìlì dé. Àṣé Màmá Louisa wà níwájú pẹpẹ, ó ń to òdòdó. Ó kàn dúró, ó ń wò wá. Màmá wò ó, ó wo mábù, ó ka orúkọ yín jẹ́ẹ́jẹ́. Ló bá dìde, ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Ẹ gbé e kúrò."

Adéyẹ́misí pariwo, "Ẹ̀hẹ́n? Màmá, ìgbìmọ̀ ti gbà fún wa!"

"Ṣé wọ́n ti gbà fún Louisa? Bàbá yín ò gbà fún ọkọ ẹ̀. Ta ló wá fẹ́ gbà fún ọkọ tèmi? Ẹ má fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ o."

Màmá Louisa ní, "Hilda, o ṣeun." Ó parí òdòdó ẹ̀, ó sì lọ. A rò pé tó bá di Sọ́ńdè, á wá jókòó ti Màmá. Kò wá.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá ni mábù yín wà báyìí. Lánàá tá a lọ pè é kó wá jẹun, a bá a nílẹ̀, ó ti fà á jáde, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ká sọ fún yín pé bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é lòun ṣe é, àmọ́ inú ń bí òun sí yín gan-an ni.

Bàbá, àárò yín ń sọ wá. A fẹ́ràn yín. Ti Màmá ló pọ̀ jù.