Erin Kò Buwọ́ Lùwé

Bushrah ọmọ mi,

Àsàlámù aléékù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Nkembo ní Libreville, ṣé ọjà ń tà? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká gbọ́ aburú ara wa. Àwa náà wà lábúlé, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà, èmi náà sì ń bá a jà.

O ní àwọn aládùúgbò rẹ ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwa àgbẹ̀ tó dí ọ̀nà, pé a fẹ́ febi pa Libreville. Jọ̀ọ́, bá mi ṣàlàyé fún wọn. Erin mẹ́ta ló wọ oko wa, wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n hú ẹ̀gẹ́, wọ́n tẹ èyí tí wọn ò jẹ mọ́lẹ̀. Òfin ní a ò gbọdọ̀ pa wọ́n, a gbà. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ẹranko igbó fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹni tó ba oko jẹ́ àti ibi tó ń gbé. Mo kọ ọ́ dáadáa: Erin, inú igbó. Níbi tí wọ́n ní kó ti buwọ́ lùwé, mo fàyè sílẹ̀ fún un. Bóyá ìyẹn ni wọn ò fi dá wa lóhùn.

Nígbà tó sú wa, a kó igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wó sójú títì, a jókòó lé e. Mádáàmù kan tó ń jẹ́ Sidonie sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń pariwo pé a ò níṣẹ́ ṣe. Victorine, àgbàlagbà tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, ò bá a jà, ó fà á lọ́wọ́ wọ oko, mo tẹ̀ lé wọn. Sidonie rí ipasẹ̀ erin tó fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ, ó ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀ tòun ti bàtà gogoro. Ó bi Victorine pé kí ló wá ń jẹ. Victorine ní ohun tí èèyàn bá fún òun ni. Nígbà tá a padà sójú títì, Sidonie jókòó tì wá.

Àdìgún, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ya gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, ó sì gbé e sórí ayélujára. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ti fi àtàǹpàkò sí i. Mo sunkún ayọ̀! Bí wọ́n bá ti tẹ̀ka fún wa báyẹn, jọ̀ọ́ gba ìwé náà jáde nínú fóònù, kí o mú un lọ bá ìjọba. Ó ní àwọn kan sì fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Wọ́n mà bá wa yọ̀ o, Ọlọ́hun á jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá ọ́fíìsì náà wá fúnra rẹ̀. Ó ní wọ́n máa fi wáyà oníná yí oko wa ká kí erin má baà wọlé. Mo bi í bóyá a lè máa fi ṣájì fóònù, ó ní ká má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Wáyà ò tíì dé, òjò sì ti dé. Fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kí n fi ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí n ó gbìn. Fi ti Victorine kún un, torí òun ò lọ́mọ nígboro.

Ohun tí o bá gbìn, ẹnu rẹ ni o ó fi jẹ ẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Tàwàkálítù