Ọ̀gá Akọrin Tó Kọ́ Láti Dúró: Bàbá Julius Akínlẹ́yẹ, 1947–2025

Ìlú Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a ti bí Bàbá wa, Julius Akínlẹ́yẹ, lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 1947, sínú ìdílé Abraham Akínlẹ́yẹ, àgbẹ̀ kòkó, àti Lucy aya rẹ̀. Wọ́n ní igbe àkọ́kọ́ wọn bá agogo ṣọ́ọ̀ṣì mu rẹ́gí. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò ní jiyàn.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1968. Lọ́dún 1981 wọ́n kó wá sí Ìdímù ní Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ni títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ọdún 1974 ni wọ́n gbé Charity níyàwó. Akọrin ni òun náà tẹ́lẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí Bàbá ń darí, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó wọlé orin, ohùn rẹ̀ sì dà bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Bàbá lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n wá tọrọ gáfárà, wọn ò sì lọ mọ́. Charity yìí ló ń kọ ìtàn yìí. Ó ti dárí jì wọ́n, díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ṣe ọ̀gá akọrin ìjọ Áńgílíkà wa pẹ́ títí. Bí aago ìdánrawò orin bá ti lù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pẹ́, kó dúró síta pẹ̀lú àwọn adìyẹ. Bàbá náà ló ń kó àdúgbò jáde lọ kó ìdọ̀tí gọ́tà, orin ni wọ́n sì fi ń darí ṣọ́bìrì.

Lọ́dún 2021, ọmọ wọn Olúwatósìn bí Olúwadárasími. Kí Dára tó pé ọdún mẹ́ta, dókítà sọ pé ó ní ọ́tísíìmù. Kì í sọ̀rọ̀, kì í wojú ẹni tó bá pè é. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń fẹ́ ni kí ọmọ yìí wo àwọn lójú kí àwọn tó kú. Wọ́n ṣe orin ìwẹ̀ fún un: “Omi dé ẹsẹ̀, omi dé ọwọ́, omi dé orí.” Wọ́n á kọ ọ́ tán bí ẹni tí wọ́n ń lé. Omi ni ọmọ náà á máa wò.

Fàdìlàt, ọmọbìnrin tó ń bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, wá sọ fún wọn pé, “Bàbá, ẹ ò fi àyè sílẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ dé ‘orí’, ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹ ṣá dúró.”

Charity rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. “Ta ló máa dúró? Ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi yìí?”

Wọ́n dúró. Omi á tutù, wọ́n á gbé òmíràn kaná. Dára á gbá omi sí wọn lójú, wọ́n á ní, “Ó ti ń wọlé bọ̀.” Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbójú sókè, ó wo Bàbá, ó ní, “Oí.” Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dára kò pọ̀ títí dòní; orin ló fi ń pe Bàbá wá ṣeré.

Bàbá sùn nínú Olúwa lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n fi aya sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Olúwatósìn, Hope àti Jésùtóbi, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Dára sì wà lára wọn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Charity ń wẹ̀ fún Dára. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ orin: “Omi dé ẹsẹ̀, omi dé ọwọ́, omi dé…” Ó dákẹ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí Bàbá máa ń gbà wọlé, ó wá yíjú sí ìyá àgbà. Ìyá àgbà ń fi etí ìró nu omijé. Ó pẹ́ gan-an kó tó wọlé orin, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Dára dúró dè é.

Ẹ sùn ire, Bàbá Tósìn. Bí a bá pẹ́ ká tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn.