Elégédé Tí Kò Rùn Sí Mi

Wendell,

Má wá mi kiri, mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò kòrónà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti imú bọ inú elégédé tí mò ń gbẹ́ láàárọ̀ yìí, n ò gbọ́ òórùn kankan. Ìdí nìyẹn tí n ò fi gbé Josie ọmọ wa mọ́ra kí n tó jáde.

Ọdún Halowíìnì wa alẹ́ òní ò yẹ̀ o, ẹ ṣì máa múra bí iwin! Ẹ máa da súìtì gba inú páìpù tí mo so mọ́ àtẹ̀gùn, káwọn ọmọ àdúgbò tó bá wá tọrọ ọ gbà á nísàlẹ̀. Kí màmá ẹ má fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Tí wọ́n bá fẹ́ bínú, èmi ni kí wọ́n bínú sí. Láago mẹ́rin, àwọn ará ibiṣẹ́ mi á yọjú lórí kọ̀ǹpútà wá wo ìmúra yín. Tí wọ́n bá bèèrè mi, sọ pé mo ti di iwin.

Inú gáréèjì tá à ń gbé ọkọ̀ sí nílé ni mo máa sùn. Tí Josie bá rí iwin aláṣọ funfun tó ń juwọ́ sí i lójú fèrèsé ibẹ̀, kó juwọ́ padà. Má jẹ́ kó ṣílẹ̀kùn.

Darla