Àtàǹpàkò Màmá Lórí Ìwé Ìhágún

Ẹ kú ulé o, Bàbá mi. Èmi ọmọ yín obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba ló kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ̀yin àti Màmá. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Fọlọ́runṣọ́ tó ń bá mi dúró tì yín. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n kọ lẹ́tà yìí síta, kí ará Òkè-Ìmẹ̀sí, Àrámọkọ, àti ẹnikẹ́ni tó ní ìyàwó nílé lè rí i kà.

Òtútù ibí kò láàánú. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń wẹ àwọn arúgbó tí a sì ń bọ́ wọn. Ìyá àgbà kan wà tó ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Bí mo bá ti ń ya irun rẹ̀, Màmá ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, màá wá kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omijé mi. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe bínú nígbà tí mo ní kí ẹ kọ ìwé ìhágún. Ẹ bi mí bóyá mo ti gbẹ́ sàréè yín tán ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ ò fi gbé fóònù mi. Bàbá, kì í ṣe ikú yín ni mò ń wá o. Ìyá oníkòkó tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa ni mò ń rò. Ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀ kò tíì pé táwọn mọ̀lẹ́bí ti fi àgádágodo sílẹ̀kùn, wọ́n ní ìyàwó kì í jogún ọkọ nílẹ̀ wa. Báàgì kan péré ló gbé lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Màmá tèmi, oyún mi wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń ru yanrìn tí ẹ fi mọ ilé yín.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ pé ẹ ti dá a rò fúnra yín, ẹ sì ti ní kí Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bá yín kọ ọ́. Ilé di ti Màmá, oko kòkó di tiwa méjèèjì. Mo jó níbi iṣẹ́! Tíṣà fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Ó ku ẹlẹ́rìí kejì, ẹ bá pe Màmá. Ẹ ní ẹni tí a bá ta lọ́rẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó kúnlẹ̀ dúpẹ́, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ti gbà á. Màmá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó tẹ àtàǹpàkò. Nígbà tí àwòrán ìwé náà dé orí Wasáàpù mi, àmì ìka yẹn ni mo ń wò tí mò ń rẹ́rìn-ín.

Mo fi han Bùsáyọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́yà ni ní Adó kó tó wá máa wẹ arúgbó pẹ̀lú mi níbí. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní lójú òfin, ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè gba ohun tí wọ́n kọ fún un nínú rẹ̀. Oko tiwa dúró, ṣùgbọ́n ilé Màmá ti bọ́, ó máa padà sọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Yéè! Ìfẹ́ lẹ fi pè é, Bàbá, mo mọ̀.

Bùsáyọ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí yín bá wà, àtúnṣe wà. Kí ẹ kọ òmíràn lọ́dọ̀ lọ́yà, kí ẹlẹ́rìí méjì jọ wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe ń fọwọ́ sí i, kó jẹ́ ẹni tí òun àti ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún yín, mo rò pé ẹ máa ní mo ti tún ń pe ikú. Àṣé mi ò tíì mọ̀ yín tó. Mo pè yín, mo ṣàlàyé, ẹ sì bi mí bóyá ìka ìyàwó yín ni wọn ì bá fi lé e jáde. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní èèwọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé láti ìgbà náà lẹ ti gé èékánná yín sílẹ̀ de ọjọ́ ìfọwọ́sí, tí ẹ ń bèèrè ìgbà tí takisí àkọ́kọ́ tó máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ní Àrámọkọ ń gbéra lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí Màmá wọlé lọ́yà. Mo mọ̀ pé ó máa yarí, torí kì í gbọrẹ kó má dúpẹ́. Kó jókòó síta pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹ bá délé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kó wá kúnlẹ̀ sínú pálọ̀ tó ru yanrìn rẹ̀, kó dúpẹ́ títí tó fi máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyẹn ò nílò ẹlẹ́rìí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Bàbá. Ìwé náà yóò gbó nínú àpótí kí ẹnikẹ́ni tó ní ìdí láti ṣí i. Ẹ bá mi kí Tíṣà, ẹ kí gbogbo ará ulé. Ẹ sì bá mi di ọwọ́ Màmá mú.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìbídùn.